Ìfiwéra: Kí wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ nìkan, àbí kí wọ́n yọ ilé ọmọ pátápátá?

Bí àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ bá ti mú èsì tí kò dára wá, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí ni pé, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ dànù, ọmọ tó bí náà ti tó." Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì wà nínú ìfẹ́ náà, torí ó ṣòro kí ẹ tó rí ìdílé tí kò mọ ẹnì kan tí jẹjẹrẹ pa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín èsì tí kò dára àti jẹjẹrẹ. Láàárín àwọn méjèèjì, ìtọ́jú wà lóríṣiríṣi, látorí kí wọ́n kàn máa ṣọ́ ọ títí dórí kí wọ́n yọ gbogbo ilé ọmọ.

Obìnrin tí ìwé èsì ti tẹ̀ lọ́wọ́ ni mo kọ èyí fún, tí wọ́n ti sọ fún un pé yíyọ ilé ọmọ ló kàn, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń rò ó. Mi ò ní fi èrò mi pa mọ́: fún ọ̀pọ̀ nínú yín, yíyọ ilé ọmọ kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Fún àwọn kan, òun gan-an ló tọ́. Ohun tó ń yà yín sọ́tọ̀ síra ni ohun tí láàbù kọ, ọjọ́ orí yín, bóyá ẹ ṣì ń fẹ́ ọmọ, àti bóyá ẹ ó lè máa padà wá fún àyẹ̀wò.

Ìwé èsì wo ló wà lọ́wọ́ yín?

Oríṣi ìwé méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni ti àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀: Pap smear (tí wọ́n ti gba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ọrùn ilé ọmọ láti yẹ̀ wò), àyẹ̀wò HPV (kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ yìí), tàbí èyí tí nọ́ọ̀sì ti fi òwú kun fínígà sí ọrùn ilé ọmọ láti wò ó bóyá ibì kan máa funfun. Gbogbo ohun tí ìwé yẹn ń sọ kò ju pé kí wọ́n tún wò ó dáadáa lọ. Ìwé kejì ni ti biopsy: dókítà ti fi ẹ̀rọ tó ń mú nǹkan tóbi lójú wo ọrùn ilé ọmọ, ó ti já ẹran bíńtín níbi tó funfun, láàbù sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Orí ìwé kejì yìí ni ìpinnu gbọ́dọ̀ dúró lé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá yọ ilé ọmọ nítorí Pap smear nìkan, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣe biopsy.

Nínú ìwé láàbù, CIN 1, CIN 2 tàbí CIN 3 ni ẹ máa rí. Láàbù mìíràn á kọ LSIL fún èyí tó fúyẹ́, HSIL fún èyí tó le. Ní kíníìkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó ka "CIN 3", ó gbà pé jẹjẹrẹ ti dé ìpele kẹta lára òun, ó sì ti ń ronú ẹni tó máa bá òun tọ́ àbíkẹ́yìn òun kí nọ́ọ̀sì tó pè é wọlé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nọ́ńbà yẹn ń sọ bí sẹ́ẹ̀lì tó yí padà ṣe gba inú awọ tó bo ọrùn ilé ọmọ tó. CIN 1 kò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta awọ náà. CIN 3 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀. Àfi bí sẹ́ẹ̀lì náà bá já ìsàlẹ̀ awọ yẹn wọ inú ẹran ni wọ́n tó lè pè é ní jẹjẹrẹ. Kòkòrò HPV ló ń fà á, oríṣi 16 àti 18 ló sì wà nídìí bíi 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ.

Èyí tó yàtọ̀ ni AIS, tí òun náà kò tíì di jẹjẹrẹ. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe omi yíyọ̀ nínú ihò ọrùn ilé ọmọ ni òun ń bà jẹ́, ó lè fara pamọ́ sókè níbi tí ojú kò dé, ó sì lè fo ibì kan kó tún yọ níbòmíràn. Bí ẹ bá rí AIS nínú ìwé yín, ẹ fi sọ́kàn, torí ọ̀nà tirẹ̀ yà kúrò lára ti CIN.

Kí wọ́n máa ṣọ́ ọ, àbí kí wọ́n tọ́jú rẹ̀?

CIN 1 kì í sábà fẹ́ ìtọ́jú. Ara fúnra rẹ̀ máa ń lé HPV jáde, sẹ́ẹ̀lì náà á sì padà bọ̀ sípò. Kí ẹ máa lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ṣe dá ọjọ́ fún yín ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ilé ọmọ nítorí CIN 1 nìkan ń fi ohun ńlá wo ohun kékeré.

CIN 2 ló ń fa àríyànjiyàn. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2018, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí ìṣáájú jọ, bíi 50 nínú 100 obìnrin tí wọ́n kàn ń ṣọ́ ni tiwọn lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún méjì. 18 nínú 100 ni tiwọn le sí i. Láàárín àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, iye tó lọ fúnra rẹ̀ tó 60 nínú 100. Nítorí náà, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò tíì bímọ ní ìdí tó ṣe gúnmọ́ láti dúró. Ìyá ọdún márùndínláàádọ́ta kò fi bẹ́ẹ̀ ní i.

Ti CIN 3 kò ní àríyànjiyàn nínú: ẹ tọ́jú rẹ̀. A mọ èyí nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní New Zealand, tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Ní ilé ìwòsàn National Women's Hospital ní Auckland, láti 1966, dókítà kan dá ìtọ́jú tó péye dúró fún àwọn obìnrin tó ní CIN 3, ó kàn ń wo ohun tó máa ṣe wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde ní 1987. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, bíi 31 nínú 100 àwọn tí a kò tọ́jú dáadáa ló ti ní jẹjẹrẹ láàárín ọgbọ̀n ọdún. Nínú àwọn tí a tọ́jú bó ṣe yẹ, kò tó 1 nínú 100. Ara àwọn obìnrin wọ̀nyẹn la ti kọ́ ọ, ẹ má fi jáfara. Ẹ tún wo apá kejì ìṣirò náà: ọgbọ̀n ọdún ni, kì í ṣe ọgbọ̀n ọjọ́. CIN 3 gba kí ẹ fara balẹ̀ yan ìtọ́jú tó yẹ.

Ibi tí ẹ ń gbé náà wà nínú ìpinnu yìí. Ní England, wọ́n máa ń fi lẹ́tà pe obìnrin láti ọdún 25 sí 64 fún àyẹ̀wò. Bí ẹ kò bá lọ, lẹ́tà mìíràn á tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Peckham lè gbà kí wọ́n máa ṣọ́ CIN 2 rẹ̀, torí ètò náà kò ní gbàgbé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń tajà ní Ìsẹ́yìn, tó ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn fún àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, tí kò sí ẹni tó máa pè é bí ọjọ́ bá pé, èmi ò ní gbà á nímọ̀ràn kó dúró. Kó tọ́jú rẹ̀ nígbà tó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bákan náà ni ẹni tó ní kòkòrò HIV: àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó fi ìlọ́po mẹ́fà súnmọ́ jẹjẹrẹ yìí ju ẹni tí kò ní i lọ, ó sì máa ń tètè padà sí i lára lẹ́yìn ìtọ́jú.

Sísun àti gígé

Kí ọ̀rọ̀ tó dé orí yíyọ ilé ọmọ, ìtọ́jú kéékèèké méjì wà níwájú. Àkọ́kọ́ ni sísun: wọ́n á gbé irin tó gbóná tó 100°C lé ibi tó bàjẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi gáàsì tútù dì í pa. Ó yá, kò wọ́n, nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ lè ṣe é ní ilé ìwòsàn kékeré. Ìkejì ni gígé, tí wọ́n ń pè ní LEEP, tàbí LLETZ ní Britain.

Ohun kan ló ya méjèèjì sọ́tọ̀ jù lọ. Bí wọ́n bá sun ún, kò sí ẹran tó ṣẹ́ kù láti gbé lọ sí láàbù. Bí jẹjẹrẹ bá ti fara pamọ́ síbẹ̀, a kò ní mọ̀. Nítorí náà, sísun dára bí wọ́n bá rí gbogbo etí ibi tó bàjẹ́, tí kò wọ inú ihò ọrùn ilé ọmọ lọ, tí kò sì sí ohun tó jọ jẹjẹrẹ lójú. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gígé ni kí ẹ béèrè. Ti AIS, wọn kì í sun ún rárá.

LEEP lẹ́gbẹ̀ẹ́ yíyọ ilé ọmọ

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí LEEP ṣe ń rí, torí orúkọ rẹ̀ nìkan máa ń dẹ́rù ba ènìyàn.

Ẹ ó dùbúlẹ̀ bí ẹ ṣe dùbúlẹ̀ fún Pap smear. Dókítà á fi irin ìlajú ara wọlé, á kun ásíìdì fínígà sí ọrùn ilé ọmọ, á dúró díẹ̀ kí ibi tó bàjẹ́ funfun. Á wá gún abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bíi kí nǹkan ta yín, àyà lè máa lù yín kìkì fún ìṣẹ́jú kan nítorí oògùn tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wáyà róbótó kan tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ máa gba abẹ́ ibi funfun náà kọjá, á sì ké e kúrò. Ẹ ó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, ẹ lè gbóòórùn ẹran tó jó. Wọ́n á jó ojú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, wọ́n á kun oògùn sí i, ó parí. Ẹran tí wọ́n gé náà á lọ sí láàbù. Bí ibi tó bàjẹ́ bá wọ inú ihò lọ, wọ́n lè fi ọ̀bẹ gé e jìn dípò wáyà, kí ẹran náà jáde bí òkòtó, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ ṣóńṣó. Oorun ni wọ́n máa ń kùn yín fún ìyẹn.

| | LEEP | Yíyọ ilé ọmọ |
|---|---|---|
| Ohun tó kúrò | apá kan ọrùn ilé ọmọ | ilé ọmọ àti gbogbo ọrùn rẹ̀ |
| Oorun | abẹ́rẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ ó wà lójúfò | abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tàbí oorun pátápátá |
| Àkókò | bíi ìṣẹ́jú 10 sí 20 | wákàtí kan sí mẹ́ta |
| Sùn sílé ìwòsàn | rárá | ó sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni |
| Ìsinmi | iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta. Kò sí ìbálòpọ̀ fún bíi ọ̀sẹ̀ 4 | ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 bí wọ́n bá la ikùn |
| Nǹkan oṣù | á máa wá lọ | á dúró |
| Oyún | ó ṣeé ṣe | kò ṣeé ṣe mọ́ |
| Àyẹ̀wò lẹ́yìn rẹ̀ | dandan | dandan, bó bá jẹ́ torí CIN 2, CIN 3 tàbí AIS |

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ dúró tì í. Ìdí tí obìnrin fi ń sọ pé "ẹ yọ gbogbo rẹ̀" ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Yíyọ ilé ọmọ kì í mú HPV kúrò nínú ara. Kòkòrò náà lè wà nínú awọ ojú ara, ibi tí wọ́n rán pa lókè lẹ́yìn tí wọ́n yọ ilé ọmọ sì lè mú irú sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́yìn ọdún. Nítorí náà ni England fi ń ṣe àyẹ̀wò ibẹ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù kejìdínlógún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, bí wọ́n bá tiẹ̀ gé gbogbo CIN náà mọ́. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kí àyẹ̀wò ẹni tó ní CIN 2 tàbí 3 máa lọ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ó kéré tán. Ẹni tó bá ṣe LEEP náà á ṣe àyẹ̀wò, lóṣù kẹfà níbòmíràn, lọ́dún kan níbòmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì tó gbà yín lọ́wọ́ ilé ìwòsàn.

Bí LEEP ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ńkọ́? Nínú obìnrin mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ni ìgbà kan péré á tó fún. Ẹni kẹwàá ni wọ́n á tún gé, tàbí kí wọ́n máa ṣọ́. Ewu rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tó lè ya lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, kí ibẹ̀ kẹ̀, tàbí kí ẹnu ọrùn ilé ọmọ sún kì. Ti oyún ṣe pàtàkì sí ẹni tó ṣì ń bímọ: nínú ìṣirò ńlá kan tó jáde ní 2016, bíi 11 nínú 100 obìnrin tí wọ́n ti tọ́jú ọrùn ilé ọmọ wọn rí ló bímọ kí oṣù tó pé, nígbà tí àwọn tí wọn kò tọ́jú jẹ́ bíi 5. Bí ibi tí wọ́n gé bá ṣe jìn tó ni ewu náà ń pọ̀ tó. Ẹ sọ fún dókítà kí abẹ́ tó kan ara pé ẹ ṣì ń fẹ́ ọmọ. Bí ẹ bá sì lóyún lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ lọ forúkọ sílẹ̀.

Ewu yíyọ ilé ọmọ ga ju ti LEEP lọ. Ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀ débi tí wọ́n á fi fa ẹ̀jẹ̀ sí yín lára. Abẹ́ lè kan àpò ìtọ̀, ìfun, tàbí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà wá láti inú kíndìnrín. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ kó sì gòkè lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ ló ń la á já láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí tí ènìyàn á fi gba ewu yìí fún ohun tí ìṣẹ́jú ogún lè yanjú. Ìlànà Amẹ́ríkà ti 2019 kò tiẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ṣeré: kò tọ́ kí yíyọ ilé ọmọ jẹ́ ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún HSIL bí kò bá sí ìdí mìíràn.

Àwọn tí yíyọ ilé ọmọ tọ́ sí

Ẹni tó ní AIS tó sì ti bímọ tán ló ṣáájú. Nítorí bí AIS ṣe ń fo ibì kan, kò dájú pé ohun tí wọ́n gé mọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bó ṣe rí náà, wọ́n á kọ́kọ́ gé e bí òkòtó, kí láàbù lè rí i pé kò sí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ti ṣe LEEP fún, tí etí ẹran náà kò mọ́, tàbí tí CIN 3 tún padà wá, tí ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ sì ti kúrú débi tí kò sí ibi tí wọ́n tún lè gé, òun náà wà nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ìju ńlá tàbí nǹkan oṣù tó ń ya bí omi ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀: bí ilé ọmọ bá máa kúrò lọ́nà kan tàbí òmíràn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí wọ́n ṣe é. Mo tún máa ń ronú nípa ìyá tó ti bímọ tán, tó ń gbé níbi tó jìnnà, tí CIN 3 rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn LEEP. Fún irú ìyá bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a máa fi ọ̀rọ̀ dá a dúró.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò kọjá. Kí wọ́n tó yọ ilé ọmọ nítorí CIN 3, ó yẹ kí LEEP tàbí gígé bí òkòtó ti ṣáájú, kó dá wa lójú pé jẹjẹrẹ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Biopsy bíńtín lè ṣì í. Bí wọ́n bá ti yọ ilé ọmọ lọ́nà ìrọ̀rùn tán, tí láàbù wá sọ pé jẹjẹrẹ tó ti wọnú ẹran wà níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ yẹn kò tó mọ́, obìnrin náà á tún gba iṣẹ́ abẹ mìíràn tàbí iná ìtànṣán sí i. Ìyà ìlọ́po méjì nìyẹn, LEEP kan ṣoṣo ì bá sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí yíyọ bá ti di dandan

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n máa yọ ọrùn ilé ọmọ pẹ̀lú. Irú iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n máa ń fi ọrùn náà sílẹ̀, tí wọ́n á sì yọ òkè rẹ̀ nìkan; wọ́n máa ń ṣe é fún ìju. Fún ẹni tí àyẹ̀wò ọrùn ilé ọmọ rẹ̀ kò dára, kò wúlò, torí ibi tó bàjẹ́ gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni kó kúrò.

Ilé ẹyin méjèèjì ńkọ́? Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, nǹkan oṣù á dúró, ṣùgbọ́n ara á ṣì máa rí họ́mọ̀nù rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì nígbà tí ẹ kò tíì pé márùndínláàádọ́ta, ọ̀sẹ̀ kan ni ara máa fi wọ ipò tí ó yẹ kó gba ọdún: ooru á máa bo yín lójijì, oorun á dínkù, ojú ara á gbẹ, egungun àti ọkàn á sì pàdánù ààbò tí họ́mọ̀nù ń fún wọn. CIN kì í lọ sí ilé ẹyin. Bí ẹ kò bá tíì dàgbà, tí kò sí jẹjẹrẹ ilé ẹyin nínú ìdílé, mo rò pé kí ẹ ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù. Bí wọ́n bá ti yọ wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ béèrè nípa oògùn estrogen títí ẹ ó fi pé bíi àádọ́ta.

Ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yọ ọ́: ojú ara, ihò kéékèèké lára ikùn, tàbí kí wọ́n la ikùn. Fún CIN àti AIS, méjì àkọ́kọ́ ló rọrùn jù lára, ẹ ó sì tètè dìde. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń la ikùn dára ju ẹni tó ń fi ihò kékeré kọ́ṣẹ́ lára yín.

Bí láàbù bá kọ jẹjẹrẹ

Ibí yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn òkè yìí ti yí padà. Bó bá jẹ́ pé jẹjẹrẹ náà kò wọ inú ẹran ju mìlímítà mẹ́ta lọ, tó sì jẹ́ pé maikirosíkópù nìkan la fi rí i, ẹni tó ṣì ń fẹ́ ọmọ lè fi gígé bí òkòtó mọ, bí etí rẹ̀ bá mọ́. Ẹni tó ti bímọ tán á yọ ilé ọmọ lọ́nà ìrọ̀rùn.

Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tó ṣì kéré, ìbéèrè ni bóyá kí wọ́n yọ ọ́ lọ́nà ìrọ̀rùn tàbí kí wọ́n kó ẹran tó yí i ká àti òkè ojú ara pẹ̀lú. Ti ìkejì, iṣẹ́ abẹ ńlá, ni wọ́n ti máa ń ṣe tipẹ́, ó sì máa ń da ìtọ̀ láàmú lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí SHAPE tó jáde ní 2024 fi hàn pé fún jẹjẹrẹ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, tí ewu rẹ̀ kò pọ̀, ìrọ̀rùn kò rẹlẹ̀ sí ńlá: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 2.5 nínú 100 ni ó padà wá sí ìdí abẹ́ wọn bí wọ́n bá ṣe ìrọ̀rùn, 2.2 bí wọ́n bá ṣe ńlá. Bó bá jẹ́ ńlá ni wọ́n máa ṣe, kí wọ́n la ikùn. Ìwádìí LACC ti 2018 fi hàn pé àwọn tí wọ́n fi ihò kéékèèké ṣe ńlá fún ló kú jù, tí àrùn náà sì tún padà sí lára jù. Ẹ rí i pé èyí yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ nípa CIN.

Bó bá ti ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lọ, tàbí tó ti tàn sí ẹ̀gbẹ́, wọn kì í sábà yọ ilé ọmọ mọ́. Iná ìtànṣán pẹ̀lú abẹ́rẹ́ cisplatin, oògùn jẹjẹrẹ, lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló kàn, àti iná tí wọ́n á gbé sínú ojú ara fúnra rẹ̀. Ẹbí máa ń bínú pé dókítà kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀, òun ni ìtọ́jú tó dára jù níbẹ̀. Ní Èkó, NSIA-LUTH Cancer Centre tí wọ́n ṣí ní 2019 ń ṣe iná ìtànṣán.

Ọkọ, ibùsùn, àti ọ̀rọ̀ ènìyàn

HPV kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ tàbí aya yan àlè. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹni tó ti ní ìbálòpọ̀ rí ló ń kó o nígbà kan, ó sì lè dákẹ́ sára fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hàn. Mo ti rí ilé tó fẹ́ tú nítorí èsì yìí, láìsí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀.

Lẹ́yìn LEEP, ìbálòpọ̀ á padà bó ṣe wà lẹ́yìn bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn yíyọ ilé ọmọ, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ojú ibi tí wọ́n rán lè jinná. Obìnrin tí kò ní ilé ọmọ mọ́ ṣì ń gbádùn ọkọ rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ìfẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá fi ilé ẹyin sílẹ̀. Mo sọ ọ́ gbangba torí ẹ̀rù pé "mi ò ní jẹ́ obìnrin mọ́" ń mú kí àwọn tí iṣẹ́ abẹ náà tọ́ sí máa sá fún un. Bí ẹ bá ní ọkọ tó ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí òun náà fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé

Ẹ gba ẹ̀dà ìwé biopsy yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ bi dókítà pé: "Ṣé ẹ rí gbogbo ibi tó bàjẹ́, àbí ó wọ inú ihò lọ? Ṣé etí ẹran tí ẹ gé mọ́? Kí ló dé tí LEEP kò fi tó fún mi? Ṣé ẹ máa fi ilé ẹyin sílẹ̀? Ta ló máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣe é?" Dókítà tó dáa kì í bínú sí ìbéèrè yìí.

Bí ọ̀rọ̀ kò bá yé yín, ẹ gbé ìwé náà lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Fún CIN 3, ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ fi wá ìmọ̀ràn kejì kò ní ba nǹkan jẹ́. Oṣù mélòó kan tí ẹ fi ń sá kiri ilé àgbo lè bà á jẹ́. Ẹ lè ní kí láàbù fún yín ní gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹran náà sí, kí láàbù mìíràn tún un wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí tó tún yọjú lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá fún ọdún kan, tàbí tí omi tó ń rùn ń jáde, ẹ má dúró de ìmọ̀ràn kejì nílé. Ẹ lọ bá dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, kí ẹ sì mú gbogbo ìwé yín dání.